Àfẹ́sọ́nà Tó Ti Èbúté Wọ̀lú

Kí a tó fi ọmọbìnrin fọ́kọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, a ó kọ́kọ́ wádìí. A ó bi ilé léèrè, a ó bi àdúgbò léèrè. A ó fẹ́ mọ̀ bóyá àrùn kan ń bẹ nínú ìdílé, bóyá ìjà ilẹ̀ kan wà tí kò tíì tán, bóyá ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ ní ìwà kan tí ó ń fi agbádá bò mọ́lẹ̀. Àṣà náà dára, nítorí ojú ìfẹ́ kì í ríran jìnnà. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n dá a sílẹ̀ kò ronú kan ohun kan: báwo ni a ó ṣe wádìí ọkùnrin tí àdúgbò rẹ̀ jẹ́ òkun, tí aládùúgbò rẹ̀ tòní kì í ṣe aládùúgbò rẹ̀ tọ̀la? Ọ̀rọ̀ yìí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba Bọ́dúnrìn lọ́wọ́ Mofẹ́olúwa.

Nínú takisí tí ó ń lọ sí Odògbólú ni wọ́n ti pàdé, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan tí òjò ń rọ̀ wínníwínní. Mofẹ́olúwa ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré kan níbẹ̀, ó sì gbé àwòrán ayé róbótó kan lé ẹsẹ̀, ó fi ìborùn bò ó nítorí òjò. Ọkùnrin tí ó jókòó tì í ń lọ sí Ayépé. Ó wo ìborùn náà títí, ó sì ní:

"Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí mo sùn lóṣù tó kọjá hàn yín."

Ó ká ìborùn náà díẹ̀, ó fi ìka kan àárín Ítálì àti Gíríìsì.

"Orí omi lẹ fọwọ́ lé yẹn, sà," Mofẹ́olúwa dáhùn.

"Orí omi náà ni mo sùn."

Obìnrin tí ó jókòó níwájú bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ má dá a lóhùn o. Bí àwọn ará Ayépé ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Mofẹ́olúwa gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ó fi máa mọ̀, ọkọ̀ ti kọjá ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, ó sì ní láti gbé ayé sábẹ́ apá padà sẹ́yìn nínú òjò. Bọ́dúnrìn sọ̀kalẹ̀, ó bá a gbé e.

Oníṣẹ́ iná mànàmáná ni, nínú ọkọ̀ ńlá kan tí ó ń gbé àwọn olówó kiri orí òkun fún ìgbádùn. Nígbà tí ìsinmi rẹ̀ parí tí ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ohùn rẹ̀ tí ó ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí fóònù Mofẹ́olúwa láti àwọn ibi tí ó jẹ́ pé inú Bíbélì àti inú ìwé jọ́gíráfì nìkan ni ó ti mọ̀ wọ́n. Ohun àkọ́kọ́ tí ó kọ́ ọ ni pé èbúté kì í ṣe ìlú. Ọkọ̀ tí wọ́n ní ó ń lọ sí Róòmù kò lè rí Róòmù. Etí òkun ni yóò gúnlẹ̀ sí, ìlú náà á ṣì kù ní ọ̀nà jíjìn. Ní ẹnu géètì ni àwọn onítakisí ti máa ń dúró de àjèjì. Bọ́dúnrìn á kí wọn, á kọjá, á lọ bá àwọn obìnrin tí wọ́n ń gbálẹ̀ èbúté, á sì bi wọ́n léèrè ohun tí àwọn fúnra wọn máa ń wọ̀ lọ sílé.

"Mofẹ́, mo ti kọjá àwọn onítakisí," ohùn náà á wí, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ òkun tí ń hó lẹ́yìn rẹ̀. "Iye tí ọ̀kan ní òun máa gbà tó ra ewúrẹ́ méjì. Mo ní kí ó má bínú, mi ò sin ẹran. Mo ti wà nínú ọkọ̀ ojú irin báyìí, èyí tó máa ń dúró ní gbogbo abúlé. Òkun wà lápá ọ̀tún mi. Ìyá kan tó kọjú sí mi ń bó ọsàn, ó ti fún mi ní ìdajì. Mo rò pé ó jọ ẹni tó bímọ púpọ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ni Mofẹ́olúwa máa ń gbọ́ àwọn ohùn wọ̀nyí, lórí àga ní ìta ilé wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí òórùn gàárì yíyan bá ń fẹ́ wá láti ẹ̀yìnkùlé ẹnìkan. Á di ojú. Ọ̀nà tí ó wà níwájú ilé á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, á di òpópónà olókùúta nínú Áténì. Ìró ọ̀kadà á di ìró ìgbì. Nínú àlá ojúmọmọ yìí, ìjókòó kan máa ń ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ́dúnrìn nínú gbogbo ọkọ̀ tí ó bá wọ̀. Kò sọ fún un rí. Ọdún kan kọjá báyìí, kí Bọ́dúnrìn tó sọ fún un pé òun fẹ́ kí àwọn ẹbí òun wá tọrọ rẹ̀.

Ìyá Mofẹ́olúwa, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bọ́lánlé, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá Bọ́lánlé, tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, kò sọ pé rárá. Ó ní kí wọ́n wádìí. Ẹ̀gbọ́n Màmá, Àǹtí Matilda, ni ó gba iṣẹ́ alárinà, nítorí pé kò sí ilé tí kò lè wọ̀ láàárín Ìjẹ̀bú-Òde sí Ayépé, kò sì sí ilé tí wọn kì í ti í fún un ní oúnjẹ. Nígbà tí ó dé, ó bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀ sórí tìmùtìmù.

"Ilé wọn mọ́ bí àwo," ó ní. "Bàbá rẹ̀ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ohùn rẹ̀ ò dáa ṣùgbọ́n ó ń kọ ọ́. Ìyá rẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ibi tó bàjẹ́ sí, ní Ìbẹ̀fun ni."

"Kí ló wà ní Ìbẹ̀fun, Sísì mi?" Màmá Bọ́lánlé bèèrè.

"Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, Ernest, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ti ṣiṣẹ́. Ó ní bí wọ́n bá ti gúnlẹ̀, gbogbo àwọn á dáwó jọ gba takisí bí ọmọlúàbí. Bọ́dúnrìn ò ní dá. Ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn jáde, á lọ há ara rẹ̀ mọ́ àárín àwọn tálákà ìlú onílùú. Fẹsẹ̀rìn ni wọ́n ń pè é. Ernest ní ahun ni."

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, a lè dárí ji ẹni tí ó ná owó tí kò ní. Ẹni tí ó ní tí kò ná a, orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń dá nídìí oúnjẹ.

"Ó ti tó," Màmá Bọ́lánlé wí. "Mi ò ní fi ọmọ fún ahun."

"Màmá, ẹ ò tíì gbọ́ tẹnu rẹ̀."

"Jókòó, Mofẹ́." Ìyá rẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Nígbà tí ìrọbí rẹ mú mi, bàbá rẹ ní ìrìn dára fún aláboyún. Takisí ń kọjá lára wa. Owó wà nínú àpò rẹ̀. Mò ń gbọ́ bí ó ṣe ń dún bí ó ti ń rìn lọ níwájú mi. Ẹnu ọ̀nà ọsibítù ni mo bí ọ sí, lórí aṣọ ìró obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí. Mi ò sọ ọ́ fún ọ nítorí pé Aaron ti kú, bàbá rẹ sì ni. Ṣùgbọ́n mo mọ bí ẹ̀yìn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí."

Àǹtí Matilda rọra fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí tìmùtìmù. Ó hàn pé òun pàápàá kò gbọ́ ọ rí.

Láti ọjọ́ náà, ohùn tí ó ń ti èbúté wá kò dún bí ti tẹ́lẹ̀ létí Mofẹ́olúwa mọ́. Ó gbìyànjú láti ro ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò, bí ó ti kọ́ láti máa ṣe ní yunifásítì. Ahun, ó wí fún ara rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí kò náwó; ahun ni ẹni tí kò lè náwó nígbà tí ó yẹ. Ẹni tí ó bá fi nǹkan du ara rẹ̀ kò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá fi í du ẹlòmíràn ni ó jẹ̀bi. Àlàyé náà gún régé, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rí. Kí ni òun mọ̀? Takisí ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun àti Bọ́dúnrìn jọ wọ̀. Ìyókù, ohùn ni. Bóyá ohun tí òun ń pè ní àlá, ìyà ni yóò jẹ́ fún ẹni tí ó bá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ gidi.

Ó bi í léèrè lọ́jọ́ kan, láìfi àbọ̀ ọ̀rọ̀ pa mọ́. "Bọ́dúnrìn, ṣé ahun ni ọ́?"

"Irú ìbéèrè yẹn ò ní ìdáhùn lẹ́nu ẹni tí wọ́n bi, Mofẹ́. Ahun náà á ní òun kì í ṣe ahun."

"Nígbà náà, kí ló dé tí o kì í fi í wọ takisí?"

"Inú takisí, èmi àti gíláàsì fèrèsé nìkan ni. Mi ò fẹ́ràn kí n dé ìlú kí n má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo rò pé o ti mọ̀."

Lẹ́yìn èyí, àwọn ohùn náà ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ọyẹ́ fẹ́, ó lọ. Nígbà tí ó yá, ìròyìn kan wọlé: ọkọ̀ wọn ń bọ̀ wá sí Àpápá, yóò sì sùn mọ́jú níbẹ̀ kí ó tó kọrí sí gúúsù ní òru ọjọ́ kejì. Wọ́n á fún un láyè láti àárọ̀ di alẹ́. Ó fẹ́ wá kí Màmá.

"Kí ó máa bọ̀," Màmá Bọ́lánlé wí. "Ọ̀nà tí ó bá gbà wọlé ni yóò sọ irú ẹni tí ó jẹ́ fún mi."

Àǹtí Matilda fa Mofẹ́olúwa lọ sí ilé ìdáná. "Sọ fún un kí ó gba ọkọ̀ aláfẹ́fẹ́ tútù láti Àpápá, òun nìkan, kí ó dúró gbọin-gbọin sẹ́nu géètì wa. Kí dẹ́rẹ́bà ṣí ilẹ̀kùn fún un."

"Àǹtí, bí mo bá kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe, ta ni mo máa fẹ́ nígbà náà, òun àbí ẹ̀yin?"

"Ó dáa, máa ṣe ọ̀mọ̀wé lọ. Ọ̀mọ̀wé kì í gbọ́mọ pọ̀n."

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ìyá Raheemah, aládùúgbò wọn ní òpópónà kejì, jáde láyé, wọ́n sì ní ọ̀sán náà ni wọn yóò sin ín gẹ́gẹ́ bí ìlànà àwọn mùsùlùmí. Màmá Bọ́lánlé ní bí àlejò bá ti lọ ni òun yóò lọ kí wọn. Ó se ìkókoré, ó fi ẹja sí i bí ẹni tí kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Àsìkò tí Bọ́dúnrìn dá dé, kò dé. Ìkókoré tutù. Mofẹ́olúwa lọ sí ojú fèrèsé, ó padà, ó tún lọ. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ rí i.

"Ó ń fẹsẹ̀ bọ̀," ó ní.

Ó ń fẹsẹ̀ bọ̀ lóòótọ́, nínú oòrùn, eruku lára bàtà rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ pálọ̀.

"Ẹ káàsán, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo pẹ́."

"Dìde. Kí lo wọ̀ wá?"

"Mo wọ ọkọ̀ ojú omi láti Àpápá dé Ìkòròdú, Mà. Láti ibẹ̀, mo wọ mọ́tò èrò gba Ìtòìkín."

"Mọ́tò èrò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ibí yìí ńkọ́? Mo rí i pé mọ́tò èrò ò gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà."

"Mo fẹsẹ̀ rìn díẹ̀, Mà."

"Kí ló wá fà á tí o fi pẹ́?"

Mofẹ́olúwa rí i tí ó la ẹnu, tí ó sì pa á dé. "Ọ̀nà ni, Mà," ó wí.

Wọ́n gbé oúnjẹ fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó yìn ín. Màmá Bọ́lánlé bi í nípa ìlera bàbá rẹ̀, ó bi í nípa omi òkun, bóyá ó máa ń ru gùdù. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ohùn rẹ̀ sì bọ́ sí 'ẹ', èyí tí Mofẹ́olúwa mọ̀ pé ó tutù ju ìbínú lọ.

"A dúpẹ́ tí ẹ wá. Ẹ bá wa kí àwọn ará ilé. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ni mo bí, mi ò sì rò pé ó lè máa fẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn yín káàkiri ayé."

Bọ́dúnrìn wo Mofẹ́olúwa. Ó yẹ kí Mofẹ́olúwa sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó rí bàbá rẹ̀ tí ń rìn lọ níwájú, owó ń dún nínú àpò, ó sì wo ilẹ̀. Bọ́dúnrìn dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dúpẹ́ oúnjẹ, ó jáde.

Màmá Bọ́lánlé wé gèlè dúdú, ó gba ilé òkú lọ láìwẹ̀yìn. Mofẹ́olúwa nìkan ló kù, àti àwo tí ó ti ṣófo. Ibẹ̀ ni èrò tí ó ti ń wá láti bí oṣù mélòó kan ti dé bá a, láìkánjú, bí ẹni tí ó mọ ilé. Nínú gbogbo ohùn tí Bọ́dúnrìn fi ránṣẹ́, kò sí ọ̀kan tí kò ní ènìyàn nínú: ìyá olọ́sàn, bàbá arúgbó tí ń gbé adìyẹ lọ sọ́jà, àwọn obìnrin agbálẹ̀ tí wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ahun máa ń sá fún ènìyàn, nítorí pé ènìyàn ni ó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Ọkùnrin yìí ń sá tọ̀ wọ́n. Bàbá òun rìn níwájú. Bọ́dúnrìn, láti orí òkun, ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ òun.

Kì í ṣe ẹ̀rí tí ilé-ẹjọ́ lè gbà. Mofẹ́olúwa wọ sálúbàtà, ó jáde, ó ké sí ọ̀kadà.

Ó bá a ní gáréèjì, ní ẹ̀yìn ọkọ̀ Ìkòròdú tí kò tíì kún, lẹ́bàá fèrèsé. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jókòó tì í.

"Mofẹ́, níbo lò ń lọ?"

"Ìkòròdú."

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe ní Ìkòròdú?"

"Mo fẹ́ wo ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra. Tíṣà jọ́gíráfì ni mí, mi ò rí i rí."

Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó sún bàgì rẹ̀ kúrò láàárín wọn. Dẹ́rẹ́bà, Usamah, gbórí wọlé láti kí àwọn èrò rẹ̀, ojú rẹ̀ sì tàn nígbà tí ó rí Bọ́dúnrìn.

"Ọ̀gá tó ń ra ìjókòó òfìfo. Ẹ ti tún padà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ kún fúnra rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kí n má baà di ọ̀lẹ."

"Ìjókòó òfìfo wo?" Mofẹ́olúwa bèèrè.

"Wọn ò sọ fún yín? Ìyá arúgbó kan ló ń bọ̀ wá síbí láti Ìkòròdú láàárọ̀, Ìyá Ràmọ́tà. Àbúrò wọn ló kú. Ọkọ̀ ò kún, ẹ sì mọ̀ pé a kì í dá òkú dúró. Ìyá ń sunkún jẹ́jẹ́. Ọ̀gá yìí san ti gbogbo ìjókòó tó kù, wọ́n ní kí n máa lọ, kí n gbé Ìyá dé ẹnu ọ̀nà ilé òkú kọ́kọ́. Ibẹ̀ náà ni Ọ̀gá ti bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ibi tí àwọn ń lọ ò jìnnà mọ́."

Ó lọ ké sí èrò. Mofẹ́olúwa yíjú.

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ fún Màmá?"

"Ó dé ètè mi." Bọ́dúnrìn wo ọwọ́ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ lórí àga yẹn, ó di pé mo fi òkú olókùú tọrọ ìyàwó."

Mofẹ́olúwa fi ọwọ́ rẹ̀ lé tirẹ̀, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, àwọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ iyùn bo orí páànù gbogbo ìlú, ariwo gáréèjì sì jìnnà bí ìgbì tí òun kò tíì gbọ́ rí. Èrò kan wọlé níwájú. Ìjókòó kan ṣoṣo ló kù, lápá kejì Mofẹ́olúwa. Bọ́dúnrìn wo ojú ọ̀run.

"Bí kò bá kún láìpẹ́, mo máa san án," ó ní. "Ọkọ̀ wa ò ní dúró dè mí."

Ọ̀kadà kan ya wọlé pẹ̀lú ìbínú. Obìnrin tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi ọwọ́ kan di gèlè dúdú mú. Ó sọ̀kalẹ̀, ó yọjú wo inú ọkọ̀ kan, ó wo èkejì, ó dé ti Usamah, ó ṣí ilẹ̀kùn.

"Sún," Màmá Bọ́lánlé wí fún ọmọ rẹ̀.

"Mà, Ìkòròdú là ń lọ o," Usamah ní.

"Mo mọ ìlú tí ń jẹ́ Ìkòròdú. Máa wa ọkọ̀."

Wọ́n jáde ní ìlú. Igi ọ̀pẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sá kọjá ní apá méjèèjì. Màmá Bọ́lánlé tún gèlè rẹ̀ wé, ó tú u, ó tún un wé.

"Ìyá Ràmọ́tà ní òun bá òkú nílé," ó wí nígbẹ̀yìn, bí ẹni tí ń bá òpópónà sọ̀rọ̀. "Wọ́n jẹ́ kí òun wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde."

"Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, Mà," Bọ́dúnrìn dáhùn.

"Ó ṣe àpèjúwe ẹni tó gbé òun wá. Ó dé ibi tí ẹni náà ti fẹsẹ̀ rìn lọ, mo ní kí ó dákẹ́. Ó bi mí pé ṣé mo mọ̀ ọ́n ni, mo ní àlejò mi ni." Ó gbé itọ́ mì. "Mo tijú, ọmọ mi. Mo ti lé àlejò mi lọ."

"Ẹ ò lé mi, Mà. Ẹ fún mi ní ìkókoré."

"Ó ti tutù."

"Ó dùn bẹ́ẹ̀ náà, Mà."

Mofẹ́olúwa jókòó láàárín wọn, èjìká kan ní apá ọ̀tún, èjìká kan ní apá òsì. Ìyá rẹ̀ yíjú sí Bọ́dúnrìn.

"Ìgbà wo ni àwọn bàbá rẹ ń bọ̀ wá mọ̀ wá?"

"Ìgbà tí ẹ bá ní kí wọ́n wá, Mà."

"Kí wọ́n wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n sì gba ọkọ̀ tó dára wá o, Bọ́dúnrìn. Àwọn ẹbí mi lẹ́nu, Sísì Matilda á sì ti jókòó sójú fèrèsé láti àárọ̀."

"Wọ́n á gba ọkọ̀ tó dára, Mà."

Ọkọ̀ dé afárá Ìtòìkín. Omi yọ lójijì lápá ọ̀dọ̀ Bọ́dúnrìn, ó tẹ́ rẹrẹ, wúrà ìrọ̀lẹ́ dà sórí rẹ̀, ọkọ̀ apẹja kan ṣoṣo dúró jẹ́ẹ́ láàárín rẹ̀. Màmá Bọ́lánlé gbé ara nílẹ̀, ó na ọrùn kọjá iwájú ọmọ rẹ̀.

"Yí gíláàsì yẹn wálẹ̀," ó ní. "Jẹ́ kí n rí ibi tí ẹ ń gbé ọmọ mi lọ."

Bọ́dúnrìn yí i wálẹ̀ pátápátá.